A lọ wo ilé ní Columbus, Indiana

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá

Mo jáde ní Chicago láàárọ̀, mo bọ́ sí I-65, mo kọjú sí gúúsù. Ẹni tó bá ń retí òkè tàbí igbó lójú ọ̀nà yìí, kó yáa sùn bí kì í bá ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. Oko àgbàdo ni lọ́tùn-ún, oko sóyà ni lósì, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ńláńlá ń gé àgbàdo tó ti gbẹ, eruku sì ń rú lẹ́yìn wọn. Kí n tó dé Lafayette, àwọn òpó funfun tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná yọ sí mi, wọ́n pọ̀ lọ súà, apá wọn ń yí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ri irú òpó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ yín mú dáadáa, pàápàá nígbà tí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí Chicago lẹ ti ń bọ̀, ẹ rántí pé agogo Indianapolis àti Columbus fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ máa lò lójú ọ̀nà, àmọ́ mẹ́rin ni agogo yóò kà. Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ti sanwó ìbẹ̀wò tó ní àkókò.

Ilé àbúrò màmá mi ní Indianapolis ni mo wọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àmàlà àti ewédú ti délẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà.

"Àjàní, ilé ta gan-an lo ń lọ wò?"

"Ilé ìfowópamọ́ ni, Àǹtí. Ilé ìkàwé náà wà ńbẹ̀, àti ti panápaná."

Wọ́n wò mí títí. "Panápaná? Ṣé kò sí panápaná ní Chicago ni?"

Mo ṣàlàyé pé Columbus ti Indiana ni mò ń sọ, kì í ṣe ti Ohio tó jẹ́ olú-ìlú. Ìlú kékeré ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 50,000 lọ. Síbẹ̀, àwọn ayàwòrán ilé tí àwọn ìlú ńlá ń tò sílẹ̀ dè ti yàwòrán ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn fún wọn láti 1942: Eliel Saarinen láti Finland, Eero ọmọ rẹ̀, I. M. Pei, Harry Weese, Robert Venturi. Orúkọ wọ̀nyẹn kò sọ nǹkan kan fún Àǹtí, àfi ìgbà tí mo ní Eero yìí náà ló ya Gateway Arch ti St. Louis. Wọ́n ti débẹ̀ rí.

"Ó dáa, màá bá ọ lọ. Bí kò bá dùn, ìwọ lo máa ra oúnjẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10

Kò tó wákàtí kan láti Indianapolis sí Columbus. A bọ́ sílẹ̀ ní Exit 68, níbi tí irin pupa ńlá ti tẹ̀ bí òṣùmàrè, a sì bá afárá pupa mìíràn pàdé bí a ṣe ń wọ àárín ìlú. Okùn irin ló gbé èyí ró, àárín àwọn okùn náà lèèyàn sì ti ń rí ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1874, bí ìgbà tí wọ́n fi férémù sí i. Ìlú tó bá lè fi afárá ṣe férémù fún ilé ẹjọ́ rẹ̀ ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀ kó tó páàkì.

Ọ̀rọ̀ owó ni Àǹtí kọ́kọ́ béèrè. Ta ló sanwó gbogbo rẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ Cummins, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ti wà ní ìlú yìí láti 1919. J. Irwin Miller, tó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i lẹ́yìn ogun pé ọmọ ń pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń sáré kọ́ fún wọn kò dùn-ún wò. Ó ní kí àjọ Cummins Foundation máa san owó ayàwòrán. Ìlú ni yóò ra bíríkì àti sìmẹ́ńtì. Àjọ náà yóò san ti ẹni tó yàwòrán, bí wọ́n bá ṣáà ti mú ẹni náà nínú àwọn orúkọ tí àjọ náà tò fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Lillian Schmitt tí Harry Weese yà, tí wọ́n ṣí ní 1957, ló ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan panápaná, ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kan ọgbà ẹ̀wọ̀n pàápàá. Èmi ò pe gbogbo rẹ̀ ní ìtọrẹ àánú o. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ẹnjiníà fi ìlú ńlá sílẹ̀ wá máa gbé láàárín oko àgbàdo ní láti ní ohun tí yóò fi fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló nílò ẹnjiníà, kò sì sí èyí tó kọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibùdó àwọn àlejò ní 5th Street. Wọ́n á fún yín ní máàpù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé àwọn Miller ti ń gbéra. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn. Páàkì ọ̀fẹ́ pọ̀ lójú pópó, wákàtí mélòó kan ni wọ́n ń fún èèyàn. Ẹ ka pátákó kí ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín First Christian Church, tí Eliel Saarinen yà, àti ilé ìkàwé tí Pei yà. Ọjọ́ Àìkú la fi ṣọ́ọ̀ṣì náà sí, nítorí náà ilé ìkàwé la kọjú sí. Cleo Rogers Memorial Library lorúkọ rẹ̀, 1969 ni wọ́n ṣí i. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú rẹ̀ le díẹ̀, kò sì sáré rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò. Ohun tí Pei ṣe tó fi ta yọ ni pé ó fi gbàgede ńlá sílẹ̀ níwájú rẹ̀, bíríkì kan náà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, débi pé ilé ìkàwé àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ òdìkejì dà bí ọmọ ìyá. Láàárín gbàgede náà ni Large Arch wà, iṣẹ́ ọnà idẹ tí Henry Moore ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1971. Gíga rẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, àwọn ọmọdé sì ń sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àǹtí yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. "Egungun ìbàdí nìyí," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ṣe é mọ egungun."

Wọn ò ṣì í. Egungun àti òkúta ni Moore máa ń kó jọ, tí á máa wò kó tó gbẹ́ ohunkóhun.

Inú ilé ìkàwé náà kún. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn àgbàlagbà ń ka ìwé ìròyìn, ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ jà lórí ìwé tó fẹ́ yá. Àǹtí jókòó, wọ́n ní ìbéèrè tí àwọn máa bi ilé kọ̀ọ̀kan tí mo bá mú àwọn lọ nìyí: kí ni wọ́n ń lò ó fún báyìí? Èmi tí mo kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní àwọn ọdún 1950 tí Miller bẹ̀rẹ̀ ètò yìí náà ni àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew ń kọ́ ọgbà yunifásítì yẹn, tí wọ́n ń dá ihò sára ògiri kọnkéré kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba inú ilé kọjá. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọ̀nyẹn láìgbójú sókè.

Ilé ìfowópamọ́ ló kù. Eero Saarinen ló ya Irwin Union Bank, 1954 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni, gíláàsì ló yí i ká, igi tí Dan Kiley gbìn bò ó, débi pé ẹni tó bá ń sáré lè kọjá láìmọ̀. Òrùlé rẹ̀ ní ìdérí rìbìtì mẹ́sàn-án tó fẹjú, tí kò ga. Ilé ìfowópamọ́ ìlú kékeré Amẹ́ríkà nígbà yẹn máa ń gbé òpó ńláńlá kalẹ̀ bíi tẹ́ńpìlì Gíríìkì, irin a sì wà láàárín ẹni tó ń kówó wá àti ẹni tó ń gbà á. Saarinen kó irin kúrò, ó sọ ògiri di gíláàsì. Àgbẹ̀ tó bá fi bàtà oko wọlé wá yáwó kò ní rò pé ààfin lòun wọ̀.

Ibí yìí lọkàn Àǹtí ti kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n ní àwọn rántí báńkì ní Dùgbẹ̀ nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọmọdé, bí bàbá àwọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn irin tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan gíláàsì náà. "Kí ni wọ́n ń lò ó fún báyìí?"

Báńkì náà wó lulẹ̀ ní 2009, nígbà tí owó dà rú káàkiri Amẹ́ríkà. Ilé kò wó pẹ̀lú rẹ̀. Cummins rà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìpàdé.

Oúnjẹ ọ̀sán: ẹ má kúrò ní Indiana láìjẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọn tí wọ́n fi òòlù lù pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì bò, tí wọ́n sì dín. Ẹran náà yọ jáde kúrò nínú búrẹ́dì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Dọ́là 13 ni, pẹ̀lú ànàmọ́ díndín. Ọ̀kan tó èèyàn méjì tí ebi kò bá pa jù. Èmi ni mo sanwó, Àǹtí ò tíì dá ẹjọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a tún jáde lọ wo ilé tí ìwé ìròyìn *The Republic* lò tẹ́lẹ̀. Myron Goldsmith ti SOM, ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, ló yà á, 1971. Gíláàsì àti irin funfun ni, ó gùn, ó fúyẹ́ lójú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn wà lẹ́yìn gíláàsì kí ẹni tó ń kọjá lè máa wo ìròyìn ọ̀la bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ti lọ, ìwé ìròyìn náà ti kó jáde, Yunifásítì Indiana sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di ayàwòrán ilé nínú rẹ̀ láti 2018. Iná tàn kalẹ̀, a rí wọn láti títì: tábìlì kún fún ilé kéékèèké tí wọ́n fi páálí ṣe, ọmọkùnrin kan sì ti sùn lọ sórí tirẹ̀. Bí ẹ bá máa wo ilé yìí, alẹ́ ni kí ẹ wò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 11

Ilé àwọn Miller. Òun gan-an ni mo torí rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Irwin Miller àti Xenia ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ márùn-ún. Wọ́n ní kí Eero Saarinen kọ́ ilé táwọn máa gbé fún àwọn, wọ́n sì kó wọlé ní 1957. Alexander Girard ló ṣe inú ilé, Dan Kiley ló gbin ọgbà. Àwọn ìyàwó àti ọkọ náà gbé níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé: ọkọ kú ní 2004, ìyàwó ní 2008. Ẹ kò lè fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ o. Ibùdó àlejò ni ọkọ̀ ti ń kó èèyàn lọ, ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n ń mú lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ lé ní ogún dọ́là, ó sì máa ń kún ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò nínú ilé. Inú mi kò dùn sí i kí n tó wọlé, àmọ́ nígbà tí fóònù wà nínú àpò gbogbo wa, ojú ló kù tá a fi ń wo nǹkan.

Ilé ilẹ̀ ni, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Òpó irin funfun mẹ́rìndínlógún ló gbé e dúró. Ibi tí òpó àti òpó ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ lókè, gíláàsì ni wọ́n fi dé e, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń já wọlé ní ìlà tó gùn gbọọrọ, tí a sì ń rìn lórí òkúta mábù láti ìlà ìmọ́lẹ̀ kan sí òmíràn. Iyàrá òbí wà ní igun kan, ti àwọn ọmọ ní òmíràn, ti àlejò àti ilé ìdáná náà ní tiwọn. Pálọ̀ ló wà láàárín, kò sì sí ògiri tó sé e mọ́. Ògiri kan gùn tó àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, pẹpẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù látòkè délẹ̀, tí Girard tò ìwé, ère àti ohun ìṣeré láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sí.

Láàárín pálọ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ wọnú. Àtẹ̀gùn díẹ̀ lèèyàn máa sọ̀ kalẹ̀, àga tìmùtìmù yí i ká, ìrọ̀rí aláràbarà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀, orí yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ pálọ̀ dọ́gba. Wọ́n ní bí ìgbà bá ti ń yí padà ni wọ́n ń pààrọ̀ ìrọ̀rí, àwọ̀ tó gbóná fún òtútù, èyí tó fúyẹ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn.

Àǹtí gbé ẹnu sétí mi. "Àjàní, ẹni tí orúnkún ń dùn, báwo ló ṣe máa jáde níbẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n bi ẹni tó ń mú wa káàkiri. Wọ́n bi í lóòótọ́. Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá wá ló máa ń béèrè.

Ọgbà náà ni èmi gbà pé ó ju ilé lọ. Kiley gbin igi bí ẹni ń kọ́ iyàrá: igi àyíká ni ògiri, àlàfo ni ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni ọ̀wọ́ igi méjì tó gùn lọ gbọọrọ wà, ewé wọn ti di yẹ́lò ní oṣù kẹwàá, ó ń já bọ́ wẹ́wẹ́ sórí wa bí a ṣe ń rìn. Lẹ́yìn rẹ̀, koríko gbalasa sọ̀ lọ sí apá odò. Ẹ wá nínú oṣù kẹwàá, ẹ gbà mí gbọ́.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ohun tí Àǹtí ń rò kì í ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n ti gbọ́ nínú ilé náà pé Miller yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe àlùfáà tó jẹ́ ààrẹ àjọ àwọn ìjọ Amẹ́ríkà, National Council of Churches, àti pé àjọ náà wà lára àwọn tó ṣètò ìwọ́de Washington ní 1963. "Ẹ ò rí i," ni wọ́n ń wí, "ẹ ò rí i."

A jẹ áísìkiriìmù ní Zaharakos ní Washington Street. Láti 1900 ni wọ́n ti wà, ẹ̀rọ orin àtijọ́ kan sì wà níbẹ̀ tó ń dá kọrin fúnra rẹ̀, fèrè àti ìlù lápapọ̀. Ẹ tò, ìlà kò gùn jù. Àwa méjì jẹ tiwa ní dọ́là 16.

Lẹ́yìn náà la wa ọkọ̀ lọ sí Fire Station No. 4 tí Robert Venturi yà ní 1967. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kà nípa rẹ̀ máa ń retí nǹkan bàbàrà, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń já wọn kulẹ̀. Ilé kékeré ni, bíríkì funfun níwájú, bíríkì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé gogoro kan láàárín tí wọ́n ń sá ọ́ọ̀sì tó bá rin omi sí, nọ́ńbà 4 ńlá lára rẹ̀. Venturi kò gbìyànjú láti sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ilé-iṣẹ́ panápaná ni, ó jọ ilé-iṣẹ́ panápaná, ó sì dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ilé olókìkí tí mo ti rí lọ. Ẹ dúró sí òdìkejì títì, ẹ má páàkì síwájú ilẹ̀kùn wọn. Ọkọ̀ iná lè jáde nígbàkigbà.

"Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," ni Àǹtí sọ. Àmọ́ àwọn náà ní kí n ya àwọn níbẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń lọ sí McDowell. Mabel McDowell jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí John Carl Warnecke yà ní 1960: àwọn ilé kéékèèké tó yí gbàgede ká, tí ọ̀nà tó ní òrùlé so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọdé ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó ti di ibi tí àgbàlagbà ti ń kàwé. A ò tíì sọ̀ tán tí mo fi gbọ́ ìró tí awakọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Ìṣó ti wọ táyà ẹ̀yìn, ó sì ti rọ̀ pátápátá. Táyà àfirọ́pò wà nínú búùtù, jáàkì wà, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì náà ti dípẹtà, kò gbà kí n tú òun.

Mo ti rin gbindin kí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó dúró. Bàbá òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fa irin gígùn kan yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, wọ́n fi páìpù kún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì náà sì gbà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní Cummins làwọn ti fẹ̀yìn tì, ọmọ àwọn sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní McDowell yìí. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ lásán làwọn kà á sí, àfi ìgbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò rẹ̀. Mo na owó, wọ́n yí ojú kúrò. Àǹtí fún wọn ní chin-chin tí wọ́n gbé wá láti ilé. Wọ́n gba ìyẹn, wọ́n tọ́ ọ wò lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì bi wá bóyá ó ṣẹ́kù.

Wọ́n lẹ táyà náà fún wa ní dọ́là 25 kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Ní ìlú kékeré, ọ̀sán Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń tì; ẹ má fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àìkú, ọjọ́ 12

Àǹtí di gèlè. A lọ jọ́sìn ní First Christian Church, tí wọ́n parí ní 1942. Ọ̀kan lára àwọn ilé ìjọsìn ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni. Àwọn tó rí i nígbà náà, tí wọ́n ti mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó lára, á ti yà wọ́n lẹ́nu: bíríkì àti òkúta, igun mẹ́rin gbọn-ọn-gbọn-ọn, ilé gogoro tó ga ní 166 ẹsẹ̀ bàtà tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé gogoro yẹn ti bà jẹ́ débi tó fi ń kọni lóminú. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n kó owó jọ tún un ṣe.

Nínú, ohun gbogbo rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbélébùú kò sí láàárín ògiri. Ẹni tó bá jókòó tí ojú rẹ̀ ń wá àárín yóò máa wá a títí, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ara rẹ̀ á sì rọ̀. Ìjọ yìí, bíi ti àwọn Onítẹ̀bọmi wa, a máa ri èèyàn bọ omi pátápátá, ìyẹn sì mú inú Àǹtí dùn. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan fún wa ní kọfí, ó mú wa yípo ilé náà, ó sì bi Àǹtí bí wọ́n ṣe ń we gèlè. Ẹ̀kọ́ ìwégèlè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí la wá ṣe.

North Christian Church kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí Eero Saarinen yà gbẹ̀yìn nìyí; ó kú ní 1961, ẹni ọdún 51, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1964. Igun mẹ́fà ló ní. Òrùlé rẹ̀ fẹjú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ní 192 ẹsẹ̀ bàtà, àgbélébùú lórí rẹ̀. Tábìlì oúnjẹ Olúwa ni wọ́n fi sí àárín, ìjókòó yí i ká. Àwọn ọmọ ìjọ ń dín kù, ilé ń béèrè owó, ní 2022 ìjọ náà tú ká. Ilẹ̀kùn tì nígbà tí a débẹ̀. Ewé ti bò ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Àǹtí béèrè ìbéèrè wọn. Mo ní wọ́n ti fà á lé ilé ìkàwé ìlú lọ́wọ́. Wọ́n wo ilé náà, wọ́n wò mí. "Ilé ìkàwé tí a lọ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀hún? Ibẹ̀ yẹn, èèyàn wà ńbẹ̀."

Ní Chicago, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wó ilé ìwòsàn Prentice tí Bertrand Goldberg yà. Ó ti ṣófo, àwọn tó ni ilẹ̀ fẹ́ kọ́ òmíràn, ariwo tí àwọn ayàwòrán pa kò gba nǹkan kan. Nítorí náà, mi ò ní bínú sí ìjọ tó tú ká. Wọ́n lè tà á fún ẹni tó máa wó o, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

First Baptist Church la fi kádìí rẹ̀, Harry Weese, 1965. Òun ni bàbá tó bá wa tú táyà ní ká má fò. Láti ojú títì, ó dà bí ilé tó kọ̀yìn sí èèyàn: òrùlé síléètì tó dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíríkì, kò sí fèrèsé tó hàn, agogo rọ̀ sínú ihò ara ògiri. Ìjọ ibẹ̀ ṣì ń jọ́sìn. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko, bọ́ọ̀lù ń gbá mọ́ ògiri tí ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn ní 2000, kò sì sẹ́ni tó lé wọn.

Ajé, ọjọ́ 13

Mo já Àǹtí sílẹ̀ lálẹ́ àná, mo sì kọjú sí Chicago láàárọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ Lafayette ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Epo tí mo rà ní Indiana fi bíi sẹ́ńtì 50 dín sí tiwa lórí gálọ́ọ̀nù kan, ẹ bu kún táńkì kí ẹ tó wọ Illinois.

Mi ò tíì dé ilé tí fóònù fi dún. Àǹtí ni. Wọ́n ti sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn, àwọn mọ́kànlá sì fẹ́ lọ. Ṣé ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé Miller yóò gbà wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan? Mo ní kí wọ́n pe ibùdó àlejò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n sì ṣe tán láti pín ara wọn sí méjì.

"Ta ló máa kó ìdajì kejì lọ jẹ áísìkiriìmù kí wọ́n má bàa bínú?"

Mo ní èmi ni.